Orí Kẹsàn-án: Etí Òkun Tó Jìnnà sí Dókítà

Ẹ fojú inú wo ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi ní Exmouth, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Bàbá ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyá ń kà á: ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún méje, nawọ́ sí òkun tó ń dán yanran lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní: "Dádì, ṣebí etí omi náà là ń lọ? Kí la tún ń gbé omi dání ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni ọmọ yẹn bi í. Ibi tí wọ́n fẹ́ lọ sùn sí wà nínú ọgbà ìjọba Cape Range, tí òkun wà níwájú rẹ̀ tí òkè gbígbẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí omi mímu níbẹ̀, kò sí ilé epo, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú. Gbogbo ohun tí ìdílé náà máa jẹ, tí wọ́n máa mu, tí wọ́n máa fi bora sùn, inú ilé onítáyà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà. Kárávàànù ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà nínú rẹ̀, tábìlì tí àwọn ọmọ fi ń ta lúdò lálẹ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú kúrò nínú orí yìí: ọ̀nà jíjìn a máa sọ nǹkan kékeré di ńlá. Òùngbẹ tí a máa fi omi inú ọ̀rá kan pa ní ìgboro, oorun tó ń kun awakọ̀, ìkarahun tí ọmọ ṣà nínú iyanrìn, kò sí èyí tó tó ariwo nínú wọn bí ilé ìwòsàn bá wà ní òpópónà kejì. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ bá ti jìnnà, ohun tí a mọ̀ kí á tó gbéra ló máa dúró fún dókítà títí dókítà yóò fi dé.

Ibi tí iyùn ti ń kọ́lé

Láti Perth, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí Exmouth wà, dé Exmouth tó nǹkan bí kìlómítà 1,250. Ohun tó ń fa àwọn èèyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni Ningaloo, òkìtì iyùn tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 260 létí òkun. Ẹni tó bá ń fojú inú rí iyùn ọrùn ọba àti ti ìyàwó tuntun ti ń súnmọ́ ọn, nítorí ìbátan ara wọn ni wọ́n. Ẹ̀dá abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín ló ń kọ́ ọ. Ó ń fa èròjà ẹfun láti inú omi òkun, ó ń fi í mọ ilé yí ara rẹ̀ ká, àwọn ọmọ rẹ̀ á tún kọ́ tiwọn lé e, títí yóò fi di ògiri lábẹ́ omi.

Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ wo irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ní Ningaloo, ó súnmọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè ti etí iyanrìn lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ iyùn. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin síbẹ̀. Láti bí oṣù kẹta sí oṣù keje, ẹja shark tó tóbi jù láyé máa ń wá síbẹ̀, ẹja ńlá tí kì í ṣèèyàn ní nǹkan kan, tó jẹ́ pé ohun wínníwínní inú omi ló ń sẹ́ jẹ. Ní 2011, UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Ilé ìwòsàn kékeré wà ní Exmouth. Àìsàn tó bá ju agbára ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e lọ sí Perth. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Flynn ló dá iṣẹ́ dókítà olófuurufú sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1928, nígbà tó rí i pé àwọn tó ń gbé àárín aginjù ń kú ikú tí kò yẹ kó pa wọ́n. Iṣẹ́ náà wà títí dòní, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n wákàtí ni ọkọ̀ òfuurufú ń kà. Ìṣẹ́jú ni ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ ń kà.

Ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀

Ní ìpínlẹ̀ yẹn, òfin kò gba awakọ̀ tó ń fa ilé onítáyà láyè láti sá ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 1,250 yẹn á gba wákàtí méjìlá àbọ̀ bí wọn kò bá tilẹ̀ dúró tọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá máa ń ní àwọn á fi ọjọ́ kan jà á, wọn á jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ní 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Dawson àti Reid, fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n 0.05, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin ibẹ̀ fi ń mú awakọ̀ ọlọ́tí. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìdarí ọkọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ti mutí yó láìfẹnu kan ọtí. Ìrọ̀lẹ́ gan-an sì ni kàǹgárúù máa ń jáde wá jẹko lẹ́bàá títì. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló yẹ ìrìn náà, kí wọ́n sùn ní Geraldton àti Carnarvon, kí ọkọ̀ sì ti dúró kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tẹ̀ lé e. Ìyá tó ti pọnmọ rí mọ̀ pé bí ọ̀já bá lọ sílẹ̀ jù, ọmọ á máa fì, á sì máa fa ìyá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé onítáyà. Bí ẹrù wúwo bá wà ní ìdí rẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó kọjá ti tó láti mú un fì sọ́tùn-ún fì sósì, bí ó sì ti ń fì ni ìfì náà ń pọ̀ sí i, títí yóò fi gba ìdarí lọ́wọ́ awakọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù kan lè gùn tó mítà 53. Àárín, lórí táyà gan-an, ni ẹrù wúwo ń gbé, kó sì lọ sílẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì, kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ iná, kó má gbá bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, kó sì fi bíréèkì ti ilé onítáyà fúnra rẹ̀ fà á dúró díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò kẹ́ẹ̀gì

Ká padà sí ìbéèrè ọmọ yẹn. Omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Ẹ̀jẹ̀ wa kò ju nǹkan bí 9 lọ. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti tọ iyọ̀ tó pọ̀ jù dànù, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ṣe ìtọ̀ tó níyọ̀ tó omi òkun. Nítorí náà, ẹni tó bá mu lítà kan omi òkun á fi ju lítà kan lọ látinú ara rẹ̀ tọ iyọ̀ náà dànù. Gbèsè ló fi san gbèsè. Bó bá ṣe ń mu ún ni òùngbẹ á ṣe máa gbẹ ẹ́ sí i, títí ọpọlọ fi máa dàrú.

Àwọn àgbà ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Ní Cape Range, omi tí èèyàn máa mu ni èyí tó gbé dání. Lítà 5 lójúmọ́ fún ẹnì kan, fún mímu àti sísè, jẹ́ ìwọ̀n tó bójú mu. Ẹni mẹ́rin, òru márùn-ún, ó di lítà 100. Kí wọ́n tún fi ti ọjọ́ méjì lé e, nítorí ọkọ̀ lè bàjẹ́ tàbí kí òjò gé ọ̀nà: lítà 140. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan, ìyẹn ni pé omi yìí nìkan wúwo ju géńdé ọkùnrin kan lọ. Ẹ rántí ọ̀já ọmọ.

Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ, kíá ló ń gbá òógùn lọ lára, awọ á gbẹ, èèyàn á sì rò pé òun kò làágùn. Ìtọ̀ ni kí ẹ fi mọ̀. Èyí tó bá mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ dára. Èyí tó bá pọ́n bí omi tíì ń béèrè omi. Ọmọdé tó ń ṣeré kì í rántí òùngbẹ, àgbàlagbà sì lè má gbọ́ ọ mọ́ bí ti ìgbà èwe, nítorí náà ẹ máa fún wọn láìdúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé, omi lásán kò tó. Ọgbọ́n tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ìyá wa lágbègbè gbogbo ló wà níbẹ̀ náà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n pẹrẹsẹ, láìkún gègèrè. Ṣúgà ló ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ lára ìfun, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀ wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Oòrùn tí atẹ́gùn bò mọ́lẹ̀

Nínú oṣù kìn-ín-ní, Exmouth lè gbóná dé 38 ní ìwọ̀n Celsius lójoojúmọ́. Nínú oṣù keje, tí ìdílé púpọ̀ ń lọ, kò ju nǹkan bí 24 lọ, atẹ́gùn òkun á sì máa fẹ́ yẹ́ẹ́. Ìgbà náà ni oòrùn ń tanni jẹ jù. Ìtànṣán ultraviolet tó ń ba awọ jẹ́ yàtọ̀ sí ooru. A kì í rí i, a kì í mọ̀ ọ́n lára, àfi ìrọ̀lẹ́ tí èjìká ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Wọ́n ń fi nọ́ńbà wọn agbára ìtànṣán yìí lójoojúmọ́. Bó bá ti di 3, ó tó láti bo ara, bẹ́ẹ̀ ní Ningaloo ó máa ń ju 3 lọ lọ́sàn-án kódà nígbà òtútù. Iyanrìn ń da nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ padà sókè, ìfófòó òkun ń da bí ìdá 25. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ṣì ń gba tiẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nínú ọmọ Ọsirélíà mẹ́ta, nǹkan bí méjì ni dókítà máa bá irú jẹjẹrẹ awọ kan lára wọn kí wọ́n tó pé 70 ọdún. Láti 1981 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ohun mẹ́ta: ẹ wọ ẹ̀wù, ẹ pa ìpara ààbò, ẹ dé akẹtẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní mẹ́lánìn lára, ààbò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dí gbogbo ìtànṣán. Jẹjẹrẹ awọ tó pa Bob Marley ní 1981, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí oòrùn kì í fà, tí a sì máa ń pẹ́ kí á tó kà sí nǹkan kan. Àpá dúdú tó bá ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ èékánná tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ kí dókítà rí i. Àwọn àfín wa ńkọ́? Wọn kò ní ààbò mẹ́lánìn rárá tàbí kó kéré gan-an. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa etí òkun yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ fún wọn ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo: ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, akẹtẹ̀ tó fẹ̀, ìpara. Ìwọ̀nyí tọ́ sí wọn bí oúnjẹ.

Ọ̀sà tó dákẹ́

Ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí Exmouth, ibì kan wà tó ń jẹ́ Turquoise Bay. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ó tẹ́jú bí àwo. Òbí máa wò ó, á ní, "Ẹ bọ́ sómi, ẹ̀yin ọmọ." Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ ná.

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí òkìtì iyùn wà, ìgbì ń fọ́ láìsinmi. Bó ti ń fọ́ ni omi ń fò kọjá sórí òkìtì bọ́ sínú ọ̀sà. Omi tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde, ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì jẹ́ kó gba ibi tó gbà wọlé padà. Ó wá ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi kan àlàfo kan nínú òkìtì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń sá gbà jáde sí agbami. Ògiri ni omi ń gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ń gbà jáde. Èyí ló fà á tí ọ̀sà fi lè tẹ́jú pẹrẹsẹ kí ìṣàn abẹ́ rẹ̀ sì lágbára: ìgbì tó ń fún un lágbára wà lókèèrè, ojú ọmọ kò tó o. Bí ìgbì ìta bá ṣe ga tó ni ìṣàn inú á ṣe le tó.

Àwọn tó mọ ibẹ̀ máa ń lò ó fún ìgbádùn. Wọ́n á rìn gba etí iyanrìn lọ sí gúúsù, wọ́n á bọ́ sómi, ìṣàn á rọra gbé wọn kọjá lórí iyùn àti ẹja aláràbarà lọ sí àríwá. Ṣùgbọ́n wọ́n á jáde kí wọ́n tó dé ṣóńṣó iyanrìn, nítorí ẹnu ọ̀nà agbami wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ èyí á rò pé òun ṣì ń ṣeré.

Ìṣàn omi irú èyí àti ti etíkun gbalasa ń pa èèyàn nǹkan bí 21 lọ́dún ní Ọsirélíà, iye tó ju ti shark lọ dáadáa. Ohun tó sì ń pani níbẹ̀ ni ìjàkadì. Ẹni tí omi ń gbé lọ á kọjú sí ilẹ̀, á máa lúwẹ̀ẹ́ tako ìṣàn tí agbára rẹ̀ ju tiẹ̀ lọ, títí apá rẹ̀ á fi kú. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó mí, kó na ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i, kó wá lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kúrò lójú ìṣàn. Kí òbí náà rántí pé ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo. Ẹnu rẹ̀ kò sí lókè omi tó àkókò tó lè ké. Òbí tó ń ṣọ́ ọmọ lómi kò gbọdọ̀ ní fóònù lọ́wọ́.

Òkòtó tó ń ta oró

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ ọdún méje yẹn rí ìkarahun kan nínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó rí bí òkòtó, ó ń dán, àràbarà bí aṣọ ọ̀ṣìngín wà lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kàn án.

Ìgbín òkun ni, ọdẹ sì ni. Kò lè sá eré, ó wá ní eyín kan tó ṣófo nínú bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń gúnni, tó máa ń ju jáde láti inú ẹnu tó gùn bí ọwọ́ erin. Oró inú eyín yẹn ń dá ẹja dúró lójú ẹsẹ̀. Lára èèyàn, ojú ibẹ̀ lè má tilẹ̀ dunni púpọ̀. Ètè á kú, ìpéǹpéjú á wúwo, ẹsẹ̀ kò ní gbé e, lẹ́yìn náà iṣan tí a fi ń mí á dákẹ́. Kò tíì sí oògùn apaoró fún un.

Síbẹ̀, oró náà kì í pẹ́ kó tó lọ, ẹni tó bá sì lè máa mí fún aláìsàn títí oró náà yóò fi lọ á gbà á là. Ohun tí a ó ṣe nìyí. Kí ó jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, kó má rìn. Kí á fi báńdéèjì onírọ́bà tó fẹ̀ dì í láti ojú ibi tó ta á kan gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kó le bí ìgbà tí a di ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́. Kí á fi igi tì í kó má mì, kí á má sì tú u títí dókítà yóò fi dé. Kí ẹnì kan pe 000, tàbí kó tẹ ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìpè pàjáwìrì ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, nítorí fóònù lè má ṣiṣẹ́. Bí èémí bá dáwọ́ dúró, kí á máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu láìsinmi. Ó lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ láìlè mira, nítorí náà ẹ bá a sọ̀rọ̀ rere.

Oró yìí kan náà ti di ìwòsàn. Baldomero Olivera, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Philippines, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tú èròjà oró irú ìgbín yìí palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ara ọ̀kan nínú wọn ni oògùn ziconotide ti jáde, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004 fún ìrora tí oògùn mìíràn kò ràn. Inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fún un sí, ibẹ̀ ló ti ń dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ.

Òru

Bí ilẹ̀ bá ṣú, òtútù lè mú. Ọwọ́ á fẹ́ gbé iná èédú wọlé, tàbí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sì ti fèrèsé. Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún Yorùbá, nítorí jẹnẹrétọ̀ kọ́rídọ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ wa lójú oorun. Èéfín náà ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide nínú, kò lóòórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ilé onítáyà kéré ju yàrá lọ, ó sì tètè ń kún. Iná èédú kì í wọlé, jẹnẹrétọ̀ kì í súnmọ́ fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń kígbe bí afẹ́fẹ́ yìí bá dé sì gbọ́dọ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn tó kọ́kọ́ mọ ibẹ̀

Kò jìnnà sí ibi tí ìdílé náà pàgọ́ sí, ihò àpáta kan wà lẹ́bàá odò gbígbẹ Mandu Mandu. Àwọn onímọ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí òkòtó òkun kéékèèké 22 tí wọ́n ti dá lu, tí wọ́n ti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 32,000 ọdún. Irú ìgbín tó ń ta oró yìí náà ni. Àwọn tí wọ́n ń so ó mọ́ ọrùn ní láti mọ èyí tó ti kú àti èyí tí ẹlẹ́mìí ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti mọ ibi tí omi mímu wà nínú òkè gbígbẹ yẹn. Àwọn Baiyungu àti Thalanyji, onílẹ̀ etí òkun náà, ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn, ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú kó tó kan ìkarahun náà. Kò kígbe mọ́ ọn. Ó lóṣòó tì í nínú omi, ó ní kó wò ó dáadáa, kó wo ẹnu gígùn náà bó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní ṣóńṣó òkòtó. Wọ́n jọ wò ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí ilé onítáyà, ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì sí, ó ń fọwọ́ gbá wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ èyí tó kún àti èyí tó ṣófo.

"Mọ́mì," ó ní, "ó ku mẹ́rin."